Omi Inú Táyà Bàbá

                                        Ilé Bàbá,
                                        Ìsàlẹ̀ Òkè.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Akọ̀wé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ikọ́ tí kì í jẹ́ kó sùn yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń jẹ pẹ́ńsùlù bí ẹni ń jẹ ìrèké? Mo lérò pé ara gbogbo yín le. Tiwa náà kò burú, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Òun nìkan ló ń dáná jẹ báyìí, nítorí láti ọjọ́ tí katakata ti gbé Bàbá ṣubú lóko orí òkè ni mo ti kó aṣọ díẹ̀ wá síbí láti máa tọ́jú wọn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi, ìwọ náà sáà mọ̀ mí. O ní kí a ta katakata Bàbá, o sì ti rí ẹni tó máa wá gbé e ní ìparí oṣù. Hẹn-ẹn! Ẹni tí kò sí nílé ló ń ta ẹrù ilé! Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi balẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ló bà ọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá kan ṣoṣo la ní, katakata yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Mi ò bá ọ jà mọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ohun tí o kò rí ni bí Bàbá ṣe wà. Apá wọn tó kán ti jiná, dókítà ti tú ohun tí wọ́n fi dè é. Ọkàn wọn ni kò tíì jiná. O rántí àga wọn tó máa ń wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n fi ń wo oko lórí òkè? Wọ́n gbé e lọ sí iwájú ilé, ògiri aládùúgbò ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí àlejò bá béèrè oko, wọ́n á ní ariwo katakata ti sú àwọn. Irọ́ ni! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n bá àwọn wo ojú ọ̀run lápá òkè, bóyá òjò ń bọ̀. Àánú wọn ṣe mí.

Ni mo bá lọ pe fọkanáísà tí a ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹni tó jẹ́ pé bí ilé bá ń jó, ó máa kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó dojú katakata dé, nítorí òkúta ni Bàbá sọ fún gbogbo wa pé àwọn gùn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn katakata sókè. Ó tú ẹsẹ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lù ú. Ó tú èkejì, ìyẹn fúyẹ́. Omi ló kún inú táyà kan, afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú èkejì.

Ìyẹn ló mú Bàbá jáde sí wa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé omi inú táyà máa ń jẹ́ kí katakata wúwo nísàlẹ̀, kó má tètè ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n wá rò ó pé ẹsẹ̀ tó wà lápá òkè nìkan ló nílò rẹ̀, kó lè máa fà á mọ́lẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn, nítorí bí wọ́n bá túlẹ̀ gba ìbú òkè lọ tán, wọn kì í yí padà, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn bọ̀, kí ẹsẹ̀ olómi lè wà lápá òkè nígbà gbogbo. Àfi ọjọ́ tí òjò ṣú. Wọ́n kánjú, wọ́n yí katakata po, wọ́n ń túlẹ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ tó wúwo bọ́ sí apá ìsàlẹ̀, ló bá fa gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Wọ́n ní, “Àlọ ni mo rò, mi ò ro àbọ̀.” Àbúrò mi, omi bọ́ lójú mi. Ìtìjú yẹn ni wọ́n ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bù kún un. Ó ní oògùn tó dáa ni Bàbá lò, ẹsẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó mu ún. Omi ti wà nínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì báyìí, ó dọ́gba, a sì fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí òsì, ó gbé ti òsì wá sí ọ̀tún, kí ikùn ríìmù lè kọjú síta. Ni àárín wọn bá fẹ̀, katakata wá yàkàtà bí ẹni fẹ́ jìjàkadì. Ó ń fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ lọ́tùn-ún lósì, nítorí bí táyà ìsàlẹ̀ bá rọ̀ jù, ṣe ni yóò tẹ̀. Ó so irin wúwo mọ́ iwájú, kó má baà fò sókè bó bá ń gun òkè. Ta ló sì ń na sípánà sí i? Bàbá! Wọ́n ń bá a jiyàn lórí nọ́ọ̀tì, ohùn wọn ń lọ sókè bíi ti àtijọ́, inú mi ń dùn. Nígbà tó ṣe tán, ó sọ òótọ́ fún wa pé kò sí táyà tó lè gbani níbi tó ga jù lọ lókè yẹn. A ri igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí katakata má baà kọjá, ibẹ̀ di ti koríko.

Láàárọ̀ àná, Bàbá dúró ti katakata. Wọ́n ní kí èmi gùn ún ná. Ṣebí àwọn ló kọ́ mi, nígbà tí ìwọ ń sá fún ariwo rẹ̀ bí adìyẹ. Mo de bẹ́líìtì, mo ń rìn bí ìgbín. Ìgbà tí mo máa bojú wo ìsàlẹ̀, Bàbá ni mo rí, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí katakata máa wó sí gan-an bó bá ṣubú. Mo tẹ bíréèkì, mo pariwo mọ́ wọn bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá wà níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó ṣubú. Mo ní bí wọn ò bá kúrò, katakata ò ní gbéra. Wọ́n kùn títí, wọ́n bọ́ sí apá òkè. A jọ lọ, a yí po, a jọ bọ̀, kò tilẹ̀ mì. Mo sọ̀ kalẹ̀, ó kan Bàbá. Wọ́n gùn ún, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n lọ. Mo dúró sórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, bí wèrè.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, bá wa dá oníbàárà rẹ dúró. Bàbá ní bó bá wù ú, kó máa bọ̀, kó sáà wọ bàtà oko, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ lẹ́rán níbí. Bá mi kí ìyàwó wa, kó má ṣe mu omi tútù. Kí àwọn ọmọ fún mi, kí o sì fi pẹ́ńsùlù pamọ́.

Nírọ̀lẹ́ àná, Bàbá fi apá tó kán yẹn gbé àga wọn padà sẹ́yìn ilé. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí òkè, wọ́n ní kí n mú ìwé, kí n kọ ọ́ sí ọ pé àwọn ti ń ro àlọ, àwọn sì ti ń ro àbọ̀. Wọ́n ní ìwọ tó o ti lọ láti ìgbà òjò èṣí ńkọ́, ṣé o ti ro tìrẹ?

                                        Èmi ni tìrẹ, tó ń wo ọ̀nà,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
                                        Ẹlẹ́nu-bí-abẹ.