Ìlà Tínrín Tó Kù Lára Pátákó Safwan

Ṣọ́ọ̀bù Sàníù Oníṣẹ́-pátákó,
Ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì, Moniya.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kọkànlá, 2024.

Muhsinah, ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọyẹ́ tó ń yọjú bọ̀ yìí. Mo gbà á ládùúà pé ara rẹ le bí lẹ́tà yìí ṣe ń bá ọ ní Ẹgbẹ́dá. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ló ń mú un bọ̀, ó sì ti ṣèlérí pé òun ò ní tú u wò. Èmi náà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, torí mo mọ Fàtímọ̀ ìyàwó mi.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n óò bi ọ́ bóyá o ti jẹun, n óò bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín, n óò sì sọ pé ó dàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti oṣù márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ Iléyá tó kọjá ni. O mú àwòrán oríṣi lẹ́tà ábídí kan wá fún pátákó Safwan télọ̀, èyí tí o fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yà. Ẹsẹ̀ kan lára lẹ́tà náà nípọn bí ọmọ odó, èkejì tínrín bí òwú ìránṣọ, gbogbo wọn wá dúró lórí àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó lọ tààrà. O ní, "Bàbá mi, lẹ́tà yìí kì í ṣe ti ìwé kíkà o. Orúkọ ńlá ni wọ́n ń fi í kọ, bíi ti orí pátákó àti iwájú ìwé ìpè ìyàwó." Mo wò ó, mo sì sọ lójú Safwan pé lẹ́tà tí kò jẹun kánú ni, pé kò sí ẹni tí yóò rí i láti inú ọkọ̀. Safwan rẹ́rìn-ín. O ká ìwé rẹ, o fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, o lọ. Ìyá rẹ ní láti ọjọ́ náà o kò mú pẹ́ńsùlù mọ́, pé ọjà onífóònù kan lò ń jókòó tì.

Muhsinah, mo parọ́ fún ọ. Kí Iléyá tó dé ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Lẹ́tà onísánra tí mo ń kọ láti ìgbà èwe mi ló ń bò mí láṣìírí, torí búrọ́ọ̀ṣì ńlá kì í tú èèyàn fó. Bí mo ṣe rí àwọn ìlà tínrín rẹ, ẹ̀rù bà mí. Dípò kí n sọ pé mi ò lè ṣe é, mo ní kò dára. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo tì í tó fi wọ́. Ó dùn mí gan-an. Ìyá rẹ ní òun ti mọ̀ tipẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di ife ẹ̀kọ mú.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Safwan padà wá. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù tuntun tó kọjú sí títì Ọ̀yọ́. Ó ní, "Bàbá, àwòrán Muhsinah ọjọ́sí ni mo fẹ́. Kò kúrò lójú mi." Abẹ́ tìmùtìmù àga mi ni mo tọ́jú ìwé náà sí, mo fà á yọ. Mo kun àwọn ẹsẹ̀ tó nípọn, ìyẹn kò le. Fún àwọn tínrín, mo yá òwú tí káfíńtà fi ń ta ìlà sára pákó, mo rẹ ẹ́ sínú ọ̀dà dúdú. Mo tẹ́ pátákó sílẹ̀, ìyá rẹ di orí òwú mú, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, mo fà á láàárín, mo jù ú sílẹ̀. Ìlà náà jáde gbọnrangandan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe A, F, W, A àti N.

A gbé e síta, mo sọdá títì lọ wò ó láti iwájú ilé-epo. Mo rí i ketekete, ó gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni mo fi lẹ́tà tèmi kọ. Nígbà tí mo dán tìrẹ wò ní kékeré, àwọn ìlà tínrín pòórá, igi tó nípọn nìkan ló kù. Ibẹ̀ yẹn, jẹ́ kí n jàre díẹ̀.

Lẹ́tà S ló kù. Ó tẹ̀ lókè, ó tẹ̀ nísàlẹ̀, òwú kì í sì í fa ohun tó bá tẹ̀. Mo fi ọwọ́ dán an wò lára páálí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rìn bí kòkòrò. Ikùn rẹ̀ tó nípọn nìkan ni mo kùn sára pátákó. Bí pátákó ṣe wà yìí, AFWAN ló ń jẹ́. Safwan ní òun yóò dúró di Sátidé. Mo ti sọ fún un pé ẹni tó ya lẹ́tà náà ń bọ̀ wá parí rẹ̀, n kò sì tíì bi ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí n di òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí Ọlọ́hun bá mi dá ọwọ́ rẹ sí, kó má gbọ̀n títí o ó fi dàgbà jù mí lọ. Kí iṣẹ́ tí o mọ̀ má ṣe sá fún ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń wo ọ̀nà,
Sàníù.

Àfikún: Mo ti fọ búrọ́ọ̀ṣì tínrín tí o óò fi parí S náà, ó wà nínú agolo mílíìkì. Mo sì ti sọ fún Safwan pé ọwọ́ mi ló ṣẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe lẹ́tà rẹ. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.