Ẹnu Màmá Tí Mo Bà Jẹ́

Àbúrò mi, ka èyí kí o tó dé ìdí tábìlì. Àwòrán Màmá tí o fi èédú yà fún ìdánwò ọ̀sán yìí, mo ti bà á jẹ́. Mo ní kí n bá ọ tún ètè ṣe díẹ̀, ó bá wọ́. Ni mo bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sí bó ṣe wà, bí mo ti ń ṣe lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń yàwòrán, níbi tí títẹ ìka méjì ti máa ń pa àṣìṣe rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí pé bébà ni, èédú sì ti tàn ká ẹnu Màmá.

Má fọwọ́ nù ún o. Ìrésà rírọ̀ tí o fi ń pa èédú rẹ́ ni kí o fi gbé dúdú náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Mo ti jáde; ojú ń tì mí, mi ò lè dúró kí o jí. Tí o bá rí i tún ṣe, pè mí. Tí kò bá ṣeé tún ṣe, ṣáà pè mí, kódà kó jẹ́ láti bú mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ