Òkun Tí A Dá Tí Kò Rí Èrò

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Òpópónà Durazno,
                                        Montevideo, Uruguay.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹrin, 2024.

Zulma, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Salto? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Ẹsẹ̀ màmá yín ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ìgbà ìwọ́wé ti dé, afẹ́fẹ́ ń rọra fẹ́ láti ojú omi, gbogbo àdúgbò sì ń ṣe bí ẹni tí kò tíì jí lójú oorun dáadáa.

Ó ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ pé wọ́n ti ti eré orí kọ̀ǹpútà wa pa. Ìwọ lo fi ohùn sí omi òkun inú rẹ̀ kó o tó lọ sílé ọkọ, nítorí náà mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ohun tó pa á.

Lọ́sẹ̀ tá a ṣí i fáráyé, èrò wọ́ tìrìgbángbá. Inú wa dùn débi pé a ò rántí oúnjẹ. O ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ wa kì í kúrò ní èbúté àfi tó bá pé èèyàn mẹ́fà. Leandro ọ̀gá wa ló taku. Ó ní èèyàn laṣọ, òun ò ní í fi ẹ̀rọ tó ń díbọ́n bí èèyàn kún ọkọ̀ òun láéláé. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, níbi iṣẹ́, ṣebí ó máa ń pé. Igbá tíì mátè á máa tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, a ó máa tukọ̀, a ó máa bú ara wa, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ṣùgbọ́n aráyé ò jókòó sínú yàrá kan, Zulma. Kí ẹni ibí tó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹni ọ̀hún ti sùn. Èèyàn mẹ́ta á dúró ní èbúté, wọ́n á wo omi títí, ọ̀kan á lọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Àsìkò yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun tún gbé eré tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ni ọ̀pọ̀ bá ya síbẹ̀. Bí èèyàn bá dé ibi tó dá páropáro, kì í fẹ́ padà wá. Ibẹ̀ á wá túbọ̀ dá sí i.

Ẹni tí kò lọ ni bàbá mi. Ọkọ̀ ojú omi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, àmọ́ látìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, kò dé etí omi mọ́. Nígbà tá a fi máa ra kọ̀ǹpútà tó lè gbé eré náà fún un, èrò ti túká. Síbẹ̀ lọ́sàn-án gbogbo, Bàbá á wọnú eré náà, á lọ dúró ní èbúté wa. Ohun kan ṣoṣo tó wù ú ni kóun tún wakọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bí mo bá délé, mo máa ń bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ gbéra lónìí?" Á ní, "Ó ku díẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ariwo kí nìyẹn?" Mo ní orí òkun la wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ilé-iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ni. Ó wá ní, "Ivonne, èmi náà wà lórí òkun. Mi ò mà rí yín."

Háà, Zulma! Òkun méjì la ní, o mọ̀: ọ̀kan fáráyé, ọ̀kan fún wa níbi iṣẹ́, tá a fi ń dán àtúnṣe wò. Inú tiwa la ti ń ṣe fàájì láti ọjọ́ yìí, òun la sì ń wò tá a fi ń sọ pé eré dùn. Kò sẹ́ni tó dúró ní èbúté tòótọ́ rí nínú wa. Mo sọ fún Leandro. A ní ká wá bá Bàbá níbẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ, ó ti lọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀pa ò sì bóró mọ́, torí àwọn tó ń náwó sí eré náà ti pàṣẹ pé ká tì í lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí ìkéde jáde, ṣé o mọ̀ pé gbogbo wọn ló padà wá? Àwọn tó ti gbàgbé wa wá dágbére! Èbúté kún, ọkọ̀ ń pé, ọkọ̀ ń gbéra. Mo jókòó ti Bàbá nílé. Nígbà tí ọkọ̀ tirẹ̀ pé èèyàn mẹ́fà, àwọn yòókù ní kó di ìtọ́kọ̀ mú. Oòrùn tí mo fọwọ́ ara mi kùn ń wọ̀ lọ, omi rẹ ń dún jẹ́jẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń lálàá. Ọmọ Peru kan nínú ọkọ̀ náà ní, "Bàbá àgbà, ẹ mọ ọkọ̀ wà o! Ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?"

Bàbá ní, "Èbúté náà ni mo wà, ọmọ mi. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ọkọ̀ wọn ò tíì dé ilé-iná tí gbogbo rẹ̀ fi ṣókùnkùn.

Lánàá, mo bá a tó tún jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti tì í o." Ó ní, "Mo mọ̀. Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé ńkọ́?"

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá, kó o sì bá mi gbé ìkókó jó. Má jẹ̀ẹ́ kí èsì rẹ pẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,

Ivonne