Orúkọ Bàbá Ammia ní Pápá Eré Késárì

Nikando, àbúrò ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Alẹkisáńdíríà. Ikọ́ ìyá yín ti rọlẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Mo rí lẹ́tà yín pé kí Ammia ọmọ wa má sáré níbi àjọ̀dún Késárì, torí ikú bàbá rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹ má bínú, ọkọ mi, yóò sáré. A ti lọ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, akọ̀wé ní, "Ìyá, òkú kì í gba adé ìborí o!" Mo ní, "Alààyè ló fẹ́ sáré, bàbá. Ẹ ṣáà kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé bí ọmọ bá borí, akéde á pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sétí gbogbo ìlú Neapoli wa níbí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó tíì lè pe orúkọ Hẹmagora, bàbá Ammia, sókè nínú ilé yìí.

Kí àwọn òrìṣà ṣọ́ ilé yín. Lọ́jọ́ eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, kí ẹ pe orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sókè, ì báà jẹ́ pé a borí tàbí a ò borí.

Èmi ni Melitine, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín.