Aago Ewu Tó Dún Lórí Wa Nìkan

Yàrá Ìdúró Kejì,
Àjà Kìíní,
Ilé Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Ìdílé.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ẹjọ́,
Àjà Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ JẸ́ KÍ WỌ́N ṢÈTÒ SUWÍÌṢÌ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ KÍ ẸJỌ́ ARÁNṢỌ TÓ PADÀ BẸ̀RẸ̀

Èmi ni akódà tó ń yẹ báàgì àti ara àwọn ènìyàn wò lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdúró kejì, níbi tí tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn ti máa ń dúró de ìpè adájọ́. Ǹ bá wá fẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú yín, ṣùgbọ́n dókítà ti fi wáyà de àgbọ̀n mi pa, omi ọbẹ̀ nìkan ni mò ń fà mu. Ọwọ́ mi kò ṣẹ́ ní tèmi, òun ni mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Aránṣọ kan àti ìyá rẹ̀ jókòó sí yàrá náà lọ́jọ́ tí àgbọ̀n mi dá. Ó ń bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú. Ọkọ náà, awakọ̀ akẹ́rù, dé lẹ́yìn wọn. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, kò mú ohun ìjà kankan dání. N kò mọ̀ pé ohun èlò yàrá wa ni yóò fi jà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di irun ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì fi ojú rẹ̀ gbá ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́bẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn máa fi pẹ̀lẹ́tù bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa aago ewu tí a fi ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Sípíkà tó wà lókè orí wa figbe ta.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nítorí pé mo gbọ́ ọ, mo gbà pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nísàlẹ̀ náà ti gbọ́. Ká ní kò dún rárá ni, ǹ bá wọ́ aránṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ǹ bá sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀. Mo dúró jà ni, mo ní kí n dá a dúró kí wọ́n tó dé. Ó gbé àga onírin, ó là á mọ́ mi lẹ́nu. Mo gbọ́ bí àgbọ̀n mi ṣe dá. Eyín mi ń bọ́ sílẹ̀, mo ṣì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó fi ìkejì tẹ ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí gìgísẹ̀ bàtà lórí àwọn ìka náà, ó ń wí pé, "Jẹ́ n rí ọwọ́ tí wàá fi ránṣọ jẹun." Ìyá aránṣọ bù ú jẹ lápá; ó ju ìyá arúgbó náà lu tábìlì. Aago ń dún, ẹnikẹ́ni kò wá.

Agbálẹ̀ kan tó ń kọjá ló sáré sọ̀kalẹ̀ lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ, sípíkà tiwọn sì pa lọ́lọ́. N kò bínú sí wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́, eré ni wọ́n bá dé, ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ wọ bàtà.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ẹjọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Kò-sí-wàhálà, wá bá mi ní ọsibítù, ó sunkún, ó sì ṣàlàyé. Suwíìṣì tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná. Àpótí tí wáyà fóònù, kámẹ́rà àti sípíkà gbogbo ilé ti pàdé ni. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò pín ilé sí apá kankan. Tuntun tí ẹ rà pín in: àwọn yàrá ìdúró wà lápá tiwọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lápá tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú sí fáìlì àwọn adájọ́. Ìyẹn dára. Bí ẹnì kan bá pe ẹnì kan lórí fóònù, àpótí náà ń gbé ìpè kọjá láti apá kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n aago ewu kì í ṣe ìpè ẹnì kan sí ẹnì kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, tí a rán sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí i. Àpótí kò ní gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá apá tó ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí wọ́n bá pàṣẹ fún un pé kó máa wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ lápá yòókù. Kò sẹ́ni tó pa àṣẹ yẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, yàrá wa ni Kò-sí-wàhálà ti tẹ bọ́tìnnì. Sípíkà dún, ó ní, "Tó bá ti dún níbí, ó ti dún níbi gbogbo." Òótọ́ ni ìyẹn lórí àpótí àtijọ́. Ẹ̀yin pàápàá pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀ lọ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ bóyá wọ́n gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà yín dé. Ẹ ní aago dún, nítorí náà èmi ni mo jẹ̀bi tí n kò mú obìnrin náà jáde. Ẹ tún ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan suwíìṣì títí ìwádìí yóò fi parí. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé wáyà ẹnu mi, mo fẹ́ pariwo, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu mi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Kò-sí-wàhálà ti da gbogbo ètò inú àpótí náà kọ bó ṣe wà, kò sí ẹ̀rí tí yóò sọnù. Ó ní iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ̀bi tí ẹ dá mi, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún pe ẹjọ́ náà, yàrá kan náà ni tọkọtaya náà yóò sì ti dúró. Wọ́n ti gba béèlì ọkọ. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé ọwọ́ òsì ṣì kù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa àṣẹ náà fún suwíìṣì kí ọjọ́ Ajé tó pé. Bí wọ́n bá ń dán an wò, kí Alága jókòó sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ nísàlẹ̀, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kí ó tó buwọ́ lù ú.

Ìyá aránṣọ wá kí mi lánàá. Ó bi mí pé, "Bàbá Ìlẹ̀kùn, ṣé aago yẹn ti ń dún dé ìsàlẹ̀?" Mo mi orí pé rárá. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí ńlá tí ọmọ rẹ̀ fi ń gé aṣọ hàn mí, ó sì rọra pa báàgì náà dé. Èmi ni n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, báàgì kan kò kọjá mi rí láìyẹ̀ wò. Bí aago náà kò bá tíì dé ìsàlẹ̀ nígbà náà, n kò ní yẹ tirẹ̀ wò.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín lẹ́nu ọ̀nà,

Bàbá Ìlẹ̀kùn,
Akódà, Yàrá Ìdúró Kejì.