Àgbò Iléyá Tí Fàtímọ̀ Bá Sọ̀rọ̀

Àdìjátù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Àlàáfíà Ọlọ́run á máa bá yín gbé ní Ìbàdàn níbẹ̀, ọkọ̀ ò ní gbá yín, ẹ ò ní rí ìjà olè. Àwa ará Ilero wà láàyè, ìyá rẹ ń kí ọ, òjò ń rọ̀ déédéé, iṣu wa sì ta dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé, mo sì fẹ́ kó o sọ òótọ́ fún mi: kí lẹ fi sára Fàtímọ̀ ọmọ rẹ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí wa fún ọlidé yìí? Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í rí báyìí. Kì í jà, kì í pariwo, adìyẹ pàápàá ó máa ń bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó yà fún òun. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ò fún un lóúnjẹ tó ni.

Àfi bí àgbò Iléyá tí mo rà ní Ṣakí ṣe já okùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo owó èlùbọ́ mi ọdún yìí ló wà lára ẹran yẹn, bó bá wọgbó, kí ni n óò pa lójú àwọn ará àdúgbò? Mo figbe ta. Ọ̀ṣẹ́nì alápatà, tó máa ń dá màlúù dè, gbé kùmọ̀ jáde, ó ń jágbe mọ́ ọn, àgbò bá kàn án, Ọ̀ṣẹ́nì jókòó gbàgà sínú odù tí ìyá rẹ rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Èmi náà ń sọ òkò. Bá a ṣe ń pariwo tó ni àgbò ń sá tó, ó ti dé etí igbó.

Ni Fàtímọ̀ bá ní ká jọ̀ọ́, ká dákẹ́. Àwa àgbàlagbà sì dákẹ́ lóòótọ́! Ó mú èèpo iṣu dání, ó lọ jókòó sílẹ̀, ó ń bá àgbò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa nà án mọ́. Kò pẹ́, àgbò padà wá, ó jẹ èèpo iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e wálé láìsí okùn lọ́rùn.

Àdìjátù, ẹ ò lè fi mí ṣe ọmọdé. Ààfáà wo ló ṣe oògùn yìí fún yín? Mo ní kí ìyá rẹ yẹ ìbàdí Fàtímọ̀ wò nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́, kò rí oǹdè. Mo tú báàgì rẹ̀, mo rí ọmọlángidi òyìnbó kan tó ń dijú bá a bá tẹ́ ẹ, tó sì ń lajú bá a bá gbé e dìde. Mo bi ọmọlángidi náà léèrè ẹni tó rán an wá, kò fèsì, mo bá kọjú rẹ̀ sí ògiri. Àtíkè inú agolo náà wà ńbẹ̀, mo bù ú sí ewúrẹ́ ìyá rẹ lára láti dán an wò, ewúrẹ́ kàn sín ni. Ìyá rẹ ní kò sí oògùn kankan, pé ariwo wa ló ń dẹ́rù ba ẹran náà, pé ìwà pẹ̀lẹ́ ọmọ yìí ni agbára rẹ̀. Mo ní kó lọ wá nǹkan mìíràn sọ.

Àná ló wá burú jù. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má pa àgbò yẹn, pé òun ti ṣèlérí fún un. Kò sunkún, kò gbóhùn sókè. Èmi Ládòkun, tí àwọn agbowó-orí ti kígbe mọ́ títí tí mi ò mira, mo la ẹnu pé kí n sọ pé rárá, ohun tó jáde ni pé ó dáa, ọmọ mi. Omi sì lé sí mi lójú. Oògùn yín ti mú èmi náà!

Nítorí náà, fi owó àgbò mìíràn rán Òjó tó ń wa ọkọ̀ Ilero. Má lọ gbà á ní báńkì o, mo gbọ́ pé ńṣe ni wọ́n ń da owó gbogbo èèyàn pọ̀ sínú yàrá kan, mi ò sì fẹ́ fi owó olówó pa ẹran Iléyá. Ilé Ọ̀ṣẹ́nì ni n óò so àgbò tuntun náà mọ́, kí Fàtímọ̀ má rí i, torí bó bá tún bẹ̀ mí, mo máa gbà ni.

Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé oògùn ni lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì Ládòkun