Aago Tí Mo Fi Oṣù Méje Yàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹja,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ẹ̀yin méjèèjì pẹ̀lú ara líle àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Màmá rẹ jókòó sórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ kọ, òun ló sì ní kí n kọ ọ́.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé fóònù láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ojo á mú mi, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Orí fóònù yẹn náà ni mo ti ń purọ́ fún ọ, ó wá jọ pé ẹnu mi kò mọ nǹkan mìíràn tí à ń fi fóònù ṣe mọ́. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á dópin.

Ọkọ rẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun pè, àmọ́ mo ti sọ ọ́ báyìí, má bá a jà. Ó ní láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá màmá rẹ dùbúlẹ̀, o kò tíì bọ́ sínú omi. Ó ní o máa ń dé ibi iṣẹ́, wàá múra, wàá jókòó sétí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, wàá sì ní kí olùkọ́ mìíràn bá ọ mú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Ìwọ tí à ń pè ní Ẹja láti ọmọ ọdún mẹ́ta, tí a máa ń fi bísíkíìtì bẹ̀ kó tó jáde nínú ọpọ́n ìwẹ̀! Ó ní o sọ pé o kò lẹ́nu láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìlúwẹ̀ẹ́ tó o ní kí ìyá rẹ lọ ṣe ló mú kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìwọ fúnra rẹ rí. Lọ́jọ́ kejì tí a gbé màmá rẹ dé ilé ìwòsàn, o ń sunkún lórí fóònù, o ní, "Bàbá, èmi ni mo fà á. Èmi ni mo ní kí wọ́n wọ omi." Ohun tí mo fi dá ọ lóhùn kò ju "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́" lọ. Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rèé tí mo ti dákẹ́.

Ẹja, màmá rẹ kò wọ omi rí. Kò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sì rin ìrìn òwúrọ̀ tó o ní kó máa rìn. Irọ́ ni gbogbo ìròyìn tí mo fún ọ. Èmi ni mo dá a dúró, nítorí pé mo ń yan aago lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tó o wálé lọ́dún tó kọjá, tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru màmá rẹ ti ń ga jù, o mú àwa méjèèjì jókòó sí tábìlì oúnjẹ bíi pé àwa ni ọmọ kíláàsì rẹ. O ní kí màmá rẹ máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, kó sì máa lọ sí adágún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tó o ti dìde tán lo wá fi kún un pé bí a bá rí aago ọrùn ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹni, irú èyí tí omi kì í bà jẹ́, ó máa dára, kí orí rẹ̀ lè máa wú bó bá ti ń rí iye tó rìn. Ọ̀rọ̀ kékeré lásán ni lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wọn ilẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí èèkàn àkọ́kọ́ kò bá ti sí níbi tó yẹ, ìwọ̀n yòówù kó tẹ̀ lé e, ìwé lásán ni. Mo wá sọ fún màmá rẹ pé kó má tíì bẹ̀rẹ̀, ká ra aago ná, kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an lè wọnú ìṣirò. Ó gbà. Ó rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni.

Mo ra ìwé tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i. O ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aago yìí jìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí wọn pé omi kì í bà wọ́n jẹ́, àṣé òjò àti omi ìfọwọ́ ni wọ́n ń wí. Bó o bá wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́, ó parí nìyẹn. Òmíràn ń ka ìṣísẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dé inú omi, kò mọ nǹkan kan mọ́. Òmíràn mọ iye àlọ-àbọ̀ tí èèyàn ṣe nínú adágún, àmọ́ ojú rẹ̀ kéré, màmá rẹ á nílò awò kó tó lè kà á, ta ló sì ń wọ awò lúwẹ̀ẹ́? Òmíràn kì í lo ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ kí bátìrì rẹ̀ tó kú, a ó sì tún ṣáàjì rẹ̀. Okùn awọ ni òmíràn ní, omi á mú un rà. Ìlà mẹ́tàlélógójì ni mo kọ sínú ìwé yẹn.

Ọ̀rọ̀ mi ti sú obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù aago tán. Bí mo bá ti wọlé, á bọ́ awò rẹ̀, á fọwọ́ ra ojú. "Bàbá Ó-ku-Kan" ló ń pè mí, nítorí pé bó ti wù kó ṣàlàyé tó, màá ní ó ku ẹyọ ìbéèrè kan. Lọ́jọ́ kan ó ju aago kan sínú kọ́ọ̀bù omi níṣojú mi, aago náà sì ń tàn nínú ibẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo ní omi kọ́ọ̀bù kọ́ ni omi adágún, kẹ́míkà wà nínú tibẹ̀. Ó ní àádọ́ta mítà ni wọ́n kọ sí i lára, pé wọ́n ti dán agbára rẹ̀ wò. Mo lọ sílé lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n wádìí àádọ́ta mítà. Màmá rẹ bi mí bí adágún tí òun fẹ́ wọ̀ ṣe jìn tó. Mo ní mítà kan àbọ̀. Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, màmá rẹ ti ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti fìlà rọ́bà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó fi ègé aṣọ tó kù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán àpò tí á máa kó wọn sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo wọ yàrá, mo bá a níwájú dígí pẹ̀lú fìlà náà lórí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa afẹ́fẹ́ bó o ṣe kọ́ ọ. Ojú tì í nígbà tó rí mi. Lẹ́yìn náà ó ká a padà sínú àpótí.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo jáde, mo bá màmá rẹ lẹ́nu géètì, ó ti wọ bàtà kánfáàsì, ó ti so okùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Bàbá Ẹja, ẹ jẹ́ ká kàn lọ dé oríta ká padà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi rìn, kì í ṣe ọrùn ọwọ́." Mo ní kó ní sùúrù, ó ku díẹ̀, pé ṣe la máa pàdánù ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó fara ti òpó géètì, ó tú okùn bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tú ti òsì, ó sì kó wọn dání wọlé. Bí wọ́n bá ní kí n gba ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, òwúrọ̀ yẹn ni màá gbà.

Ti irọ́ náà ńkọ́? Lóṣù kejì o bi mí bóyá màmá rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní a ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́kàn mi, bí mo ṣe ń yan aago yẹn, a ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o bi mí ní iye àlọ-àbọ̀ tó ṣe. Mo ní mẹ́rin. O pariwo ayọ̀, ayọ̀ yẹn sì dùn mọ́ mi nínú débi pé mo sọ ọ́ di mẹ́fà nígbà tó yá, mo tún sọ ọ́ di mẹ́jọ. Èmi tí n kò fi ìṣísẹ̀ kan yí ìwọ̀n ilẹ̀ ẹnikẹ́ni padà rí, mo jókòó ní pálọ̀ mi, mo ń pe iye tí kò sí. Màmá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti mú mi lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, irun mi ò tiẹ̀ tutù." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Má bi í ní ìdí tí kò fi tú àṣírí mi. Kò fẹ́ kí ojú tì mí lójú rẹ ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, mo ti yan aago tán. Mo ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù pé kó bá mi ránṣẹ́ rà á, mo sì ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ aago náà nínú ìwé mi. Inú mi dùn. Mo gbọ́ tí àlùmọ́gàjí màmá rẹ bọ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Láìgbójú sókè, mo ní, "Rọra o." Kò dáhùn. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń yọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀.

Mo bi dókítà bóyá ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní ó ti ń rìn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ṣùgbọ́n ìrìn náà ì bá ràn án lọ́wọ́. Ìdáhùn tèmi nìyẹn, èmi ni màá sì máa gbé e kiri. Ìwọ kọ́. Ohun tó o sọ nídìí tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn dára, òun ló tọ̀nà.

Ọjọ́ kẹrin tí a wà ní ilé ìwòsàn ni aago dé. Mo lọ gbà á, mo sì so ó mọ́ ọwọ́ òsì màmá rẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì gbé e dìde, a dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì rin ìṣísẹ̀ méje láti ibùsùn dé fèrèsé. Òógùn bò ó. Mo yára wo aago. Òdo ló kọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún rin méje, òdo. Mo gbé aago náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé ó ti bàjẹ́. Obìnrin náà wọ awò rẹ̀, ó ka ìwé inú páálí fún mi. Ó ní kò bàjẹ́, pé kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà àfi bí èèyàn bá rin bíi mẹ́wàá léraléra, kó má bàa ka gbogbo bí a ṣe ń jupá. Ẹja, mo ti bi obìnrin yẹn ní ìbéèrè tó pọ̀ ju irun orí mi lọ, n kò bi í ní ìyẹn. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, mo sunkún. Kò pè mí ní Bàbá Ó-ku-Kan lọ́jọ́ yẹn.

Mo tú aago náà kúrò lọ́wọ́ màmá rẹ. Ẹnu ni mo fi ń kà á fún un báyìí: ení, èjì, ẹ̀ta. Lánàá ó rin mẹ́sàn-án.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fèsì, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ó ní, "Ẹja. Ẹ sọ... fún Ẹja." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ náà. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má jókòó sétí omi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò ṣẹ̀.

Aago náà wà nínú ìdìpọ̀ tó bá lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Màmá rẹ fi ọwọ́ òsì rẹ̀ ká fìlà náà fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní kò ní dùn mọ́ òun kó wà nínú àpótí mọ́.

Kí Ọlọ́run mú ọkàn rẹ fúyẹ́. Kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ máa ṣe bí o ṣe fẹ́ títí ọjọ́ ogbó. Kí àwọn ọmọ tó ò ń kọ́ dàgbà, kí wọ́n sì máa rántí rẹ sí rere. Kí èmi àti màmá rẹ tún fi ojú ara wa rí ọ láìpẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ,

Awọnlẹ̀

Àfikún: Ó ṣeé ṣe kí bátìrì aago náà ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má dúró ṣáàjì rẹ̀. Bọ́ sínú omi.